Kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́ Wa àti Ilé Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Àjàó Ọláyọdé, ahunṣọ ará Ìlọfẹ̀, ni ó bí Bàdírù. Bàdírù, tí ó bá ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní ọdún tí àwọn àgbà ẹbí kò fẹnu kò lé lórí títí dòní, ni ó bí èmi Ṣàràfá. Bàbá àgbà mi hun aṣọ fún nǹkan bí ogójì ọdún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé aṣọ òun dára; àwọn tí ó rà á ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ta obì ní Ọjà Sabon Gari, ó ra ilẹ̀, ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ sórí rẹ̀, kò sì ya fọ́tò ilé náà títí ó fi kú. Àwọn méjèèjì kò mọ̀wé. Èmi tí wọ́n rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé àwọn kò rí i lọ, èmi ni mo wá fi ìwé tí mo kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ohun tí wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kó jọ jẹ́.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, mo ti kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Sabon Gari fún ọdún mẹ́tàdínlógún, mo sì ti jẹ́ akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlọfẹ̀, ẹ̀ka ti Kánò, fún mọ́kànlá nínú rẹ̀. Èmi ni mo ń bá àwọn ará wa kọ lẹ́tà sílé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà jù. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí ń ta bàtà wá bá mi, ó ní kí n sọ fún ìyá òun pé kí ó fi ẹ̀lùbọ́ ránṣẹ́. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta. Mo kí ìyá náà, mo kí ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀, mo ṣàpèjúwe bí ọkàn ọmọ ti í máa fà sí ilé nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ní ilẹ̀ àjèjì, mo wá fi ẹ̀lùbọ́ sí ìlà tí ó kẹ́yìn. Nígbà tí èsì dé, kò sí ẹ̀lùbọ́. Ìyá náà ń béèrè ẹni tí ó kú.

Ilé ilẹ̀ ni ilé wa. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú. Páànù tí ó ti dípẹtà ni wọ́n fi bò ó. Yàrá mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín wọn, ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń dúró dè lówùúrọ̀. Igi dógóyárò kan wà níwájú. Abẹ́ rẹ̀ ni Fọláwùmí, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé wa, ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ìyá mi Àríkẹ́ ń gbé yàrá iwájú, èyí tí bàbá mi kú sí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ti kìlọ̀ fún wa pé òun kò ní kúrò nínú ilé náà mọ́ àyàfi bí wọ́n bá gbé òun jáde.

Ilé márùn-ún sí tiwa ni hòtẹ́ẹ̀lì Evelyn wà. Obìnrin ará Wọ́rì ni Evelyn, ó ga, ohùn rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀; ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n fi kùn ún, irin ọlọ́ṣọ̀ọ́ yí òkè rẹ̀ ká, pátákó tí wọ́n ya ìgò ọtí ńlá kan sí wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, òdìkejì ọ̀nà ni mo máa ń gbà kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo mọ ibẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1978, ẹgbẹ́ wa pinnu láti tẹ kàlẹ́ńdà fún ọdún tí ń bọ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ ìlú ti í ṣe ní Sabon Gari nígbà náà nìyẹn: wọn a tẹ fọ́tò àwọn olóyè wọn yí oṣù méjèèjìlá ká, wọn a sì fi í ránṣẹ́ kí àwọn ará ilé gbé e kọ́ ògiri, kí wọ́n lè rí i pé àwọn tí ó lọ sí Òkè Ọya kò lọ lásán. A ní kí olúkúlùkù ya fọ́tò pẹ̀lú ohun tí Ọlọ́run fi kẹ́ ẹ. Alága wa, Alhaji Mùnírù, ẹni tí ó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní ìkòríta wa, dúró ti mọ́tò Pijó kan. Akápò dúró ti fìríìjì. Èmi ní ilé ni tèmi.

Ọlọ́runṣẹ́gun ayàwòrán gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ilé bàbá mi. Ó wo inú rẹ̀, ó yọ orí, ó tún wò ó.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Bí mo bá yà á báyìí, a ò ní rí ilé."

"Kí ló ṣe ilé náà?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Àgbàdá yín ló tóbi jù ú lọ."

Mo ní kí ó sún sẹ́yìn. Ó sún sẹ́yìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ìkòkò ẹ̀wà Fọláwùmí. Kò yọrí sí rere. Ló bá gbójú sókè, ó wo ọ̀hún lọ, ó ní, "Ẹ ò ṣe jẹ́ ká sún díẹ̀?"

Díẹ̀ náà jẹ́ ilé márùn-ún. Mo mọ ibi tí a ń lọ, ẹsẹ̀ mi ni mo sì fi rìn ín. Mo dúró níwájú hòtẹ́ẹ̀lì Evelyn, mo na apá mi méjèèjì kí àgbàdá lè bo pátákó mọ́lẹ̀. Kò bò ó tán. Ọrùn ìgò yọ lókè èjìká mi ọ̀tún. Nígbà tí fọ́tò náà dé Ìlọfẹ̀, wọ́n kọ̀wé kí mi kú oríire pé mo kọ́ ilé, mo tún kọ́ gogoro mọ́ṣáláṣí tì í.

Bí ó bá jẹ́ fọ́tò nìkan ni, bóyá ọ̀ràn náà ì bá má burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni mí, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ gbogbo fọ́tò. Ohun tí mo kọ sí abẹ́ tèmi rèé: "Ọ̀gbẹ́ni Ṣàràfá Ọláyọdé, Akọ̀wé Àgbà, níwájú ilé rẹ̀ alájà méjì, oníyàrá mẹ́rìnlélógún, èyí tí ó dúró bí òkè láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kánò." Mo ka yàrá ọlọ́yàrá ní fèrèsé-fèrèsé láti òdìkejì ọ̀nà kí iye náà má baà jẹ́ irọ́.

Ọmọ mi Nurat pé ọdún mẹ́fà nígbà náà. Kánò ni a bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, Haúsá ni ó fi ń fèsì. Ó tẹjú mọ́ kàlẹ́ńdà náà lára ògiri, ó ní, "Baba, ai wannan ba gidanmu ba ne," ìyẹn ni pé èyí kì í ṣe ilé wa.

Mo ní, "Nurat, lọ bu omi wá fún mi."

Ó ní, "To," ó sì lọ. Mo mu omi náà tán.

Ọdún méjì kọjá. Ní 1981, òṣìṣẹ́ kan láti ọ́fíìsì tí ń díye lé ilé fún owó-orí dé àdúgbò wa. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, ìyá mi ń sùn, ilẹ̀kùn wà ní títì. Alhaji Mùnírù fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀ fún mi, inú rẹ̀ dùn.

"Mallam kan wá béèrè ilé yín lónìí. Mo ní kó má wulẹ̀ rìn nínú oòrùn. Mo fi kàlẹ́ńdà hàn án."

"Alhaji, kàlẹ́ńdà wo?"

"Kàlẹ́ńdà wo tún ni? Èyí tó wà lára ògiri mi níbí. Mo túmọ̀ ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ sí Haúsá fún un, n kò fo ìlà kan. Nígbà tí mo dé ibi tẹ́ ẹ ti ní ó dúró bí òkè, Tíṣà, ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀!"

Kí oṣù tó parí, ìwé dé. Nọ́ńbà ilẹ̀ wa ni ó wà níbẹ̀, orúkọ mi ni ó wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rìnlélógún ni. Owó-orí tí wọ́n bù fún un ju gbogbo owó oṣù mi fún ọdún kan lọ. Bí n kò bá san án, wọn yóò ti ilẹ̀kùn ilé náà pa, wọn yóò sì tà á. Bí mo bá rò pé wọ́n ṣì í dá, kí n kó ẹ̀rí wá sí iwájú ìgbìmọ̀ wọn ní àdúgbò Nassarawa ní Kánò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Ìyá mi ní kí n ka ìwé náà sókè. Mo kà á.

"Wọ́n ní ilé wa jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Màámi."

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Àwọn akọ̀wé kan ni, Màámi."

Ó wo àjà yàrá rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ rí àwọn tí ń gbé lókè. Ó wá ní, "Ṣàràfá, bí wọ́n bá ti ilé yìí, inú rẹ̀ ni wọn ó tì mí mọ́. Mi ò níbi tí mò ń lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá ní ọgbọ́n yóò ti mọ̀ pé ẹ̀rí kan péré ni ọ̀ràn náà ń fẹ́, ìyẹn ni pé kí n lọ sọ pé mo parọ́. Mo wá gbogbo ẹ̀rí yòókù kí n má baà dé ibẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo yá téèpù télọ̀, mo fi wọn gbogbo yàrá mẹ́jọ. Téèpù náà kò gùn ju ọ̀pá kan àti ààbọ̀ lọ, nítorí náà mo ń rá lórí ilẹ̀, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ó parí sí, mo tún ń bẹ̀rẹ̀. Ní yàrá Fọláwùmí, mo wọn abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀; orí mi kò fẹ́ jáde mọ́.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí tí ó fi ń bu ìrẹsì lọ́wọ́. "Onílé wa, kí lẹ̀ ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi?"

"Ẹ̀rí ni."

"Ẹ̀rí pé kí ni?"

"Pé yàrá yìí kéré."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ ní ó tóbi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí àwọn tó kù gbọ́."

Mo kọ ìwọ̀n náà sínú ìwé. Nígbà tí ìyàwó mi Rahinat kà á, ó pa ojú dé, ó tún un là.

"Bàbá Nurat, mo rò pé ẹ ní ẹ fẹ́ fi hàn pé ilé kéré?"

"Mo ti fi hàn."

"Ohun tẹ́ ẹ kọ rèé: 'Yàrá kẹta mọ níwọ̀n, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i láti ìlà oòrùn pẹ̀lú ìtura.' Afẹ́fẹ́ wo? Ògiri ló wà ní ìlà oòrùn yẹn."

Lóòótọ́ ni. Bíro mi kò mọ bí a ti í kọ ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́wà. Rahinat gba bíro náà lọ́wọ́ mi, ó fa igi sí gbogbo rẹ̀, ó kọ "kékeré" lẹ́ẹ̀mẹjọ. Mo jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo ránṣẹ́ pe Ọlọ́runṣẹ́gun pé kí ó wá ya ilé wa bí ó ti rí gan-an.

"Ẹ fẹ́ kó dára ni, Tíṣà?"

"Mo fẹ́ kó burú."

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí èjìká, ó wò mí. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

A fi sí àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Mo ṣe àṣìṣe kan: mo sọ ọ́ nínú ilé pé ayàwòrán ń bọ̀. Níbo ni wọ́n ti í sọ irú rẹ̀ fún Yorùbá kí ó má wọ aṣọ? Nígbà tí mo ti mọ́ṣáláṣí dé ní Sátidé náà, wọ́n ti gbá iwájú ilé títí dé títì. Rahinat ti ra ẹfun, ó ti fi kun ògiri iwájú, ó funfun báláú. Àwọn ayálégbé ti wọ aṣọ Ìtùnú Ààwẹ̀. Fọláwùmí ti gbé ìkòkò pamọ́, ó de gèlè, ó wọ ṣéènì méjì. Ìyá mi jókòó sí àárín wọn lórí àga onítìmùtìmù tí n kò mọ ilé tí wọ́n ti yá a, ó wọ léèsì tí bàbá mi rà fún un kí ó tó kú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún bí ìyá ọba.

"Màámi," mo wí, "a fẹ́ kí wọ́n rí i pé a ò ní."

"Ta ni ò ní?" ó dá mi lóhùn. "Bá a ò bá ní, ṣé ká wá máa ya fọ́tò rẹ̀ ni? Ọlọ́runṣẹ́gun, yà á."

Ọlọ́runṣẹ́gun yà á. Fọ́tò náà dára tí ó fi jẹ́ pé ó gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún odidi ọdún kan. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé ìdílé olówó ni wọ́n ń ṣàjọ̀dún níwájú ọ̀kan nínú àwọn ilé wọn. Mo fi í sínú fáìlì ẹ̀rí, nítorí pé mo ti san owó rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjìlá. N kò ní ibòmíràn láti sá sí mọ́. Mo gbọ́dọ̀ lọ bá Evelyn, kí ó wá sọ fún ìgbìmọ̀ náà pé òun ni ó ni ilé tí ó wà nínú kàlẹ́ńdà. Mo ránṣẹ́ sí i bóyá kí n wá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ojú kò bá fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ó ní ọ̀sán gangan ni òun ń ráyè. Mo wọlé sí hòtẹ́ẹ̀lì náà ní ọ̀sán, lójú gbogbo ará àdúgbò, pẹ̀lú fìlà lórí àti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

Evelyn ti gbé Ìbàdàn rí. Yorùbá rẹ̀ já gaara. Kàlẹ́ńdà wa wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, onílé mi," ó wí. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń retí yín. Mo ní, ọkùnrin yìí ń bọ̀ wá gba owó ilé lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan."

"Màdáámù, ẹ foríjì mí."

"Foríjì kẹ̀? Ẹ kọ ọ́ pé yàrá mẹ́rìnlélógún. Mọ́kàndínlógún ni. Àwọn fèrèsé tẹ́ ẹ kà kún un, ilé ìwẹ̀ ni."

Ojú tì mí ju ti ìṣáájú lọ. Irọ́ tí mo fi ìṣọ́ra ṣe pàápàá, mo ṣe é ní àṣìṣe. Evelyn rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀, ó ní òun yóò wá, ó sì ní òun yóò mú gbogbo rìsíìtì owó-orí ilé òun dání. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu ara yín o. Mi ò ní sọ ọ́ bá yín."

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, mo dìde, mo ní mo fẹ́ gbé kàlẹ́ńdà wa lọ sí Nassarawa, kí n sì sọ pé ilé inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Mo rò pé wọn yóò bú mi. Wọn kò bú mi. Gbogbo wọn ni wọ́n ti mọ̀. Ta ni ó ń gbé Sabon Gari tí kò mọ hòtẹ́ẹ̀lì Evelyn? Ohun mìíràn ni ó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Alhaji Mùnírù tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. "Tíṣà, bẹ́ ẹ bá sọ pé irọ́ ni kàlẹ́ńdà yẹn, mọ́tò mi ńkọ́?"

"Kí ló ṣe mọ́tò yín?"

Ó wo akápò, akápò wo ilẹ̀. "Mọ́tò oníbàárà mi kan ní Fagge ni."

Akápò kò dúró kí a bi í. "Fìríìjì yẹn ò ṣiṣẹ́," ó wí. "Inú rẹ̀ là ń kó bàtà sí."

Wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ náà bá dé Ìlọfẹ̀, wọn yóò fi gbogbo wa ṣẹ̀sín. Wọ́n ní kí n kúkú sọ pé àṣìṣe atẹ̀wé ni, pé ó gbé fọ́tò ẹlòmíràn sí abẹ́ orúkọ mi. Atẹ̀wé náà ti kó lọ sí Jọ́ọ̀sì, kò ní gbọ́. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo délé, mo kọ ọ́ sí ojú ewé mọ́kànlá. N kò tíì kọ ohun tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí: mo ṣàánú atẹ̀wé, mo dárí jì í, mo sọ̀rọ̀ lórí bí ojú ènìyàn ti lè ṣini lọ́nà.

Mo kà á fún ìyá mi. Ó fetí sílẹ̀ dé òpin.

"Ó dára," ó wí. "Atẹ̀wé náà ló wọ àgbàdá rẹ dúró níbẹ̀?"

Mo ká ojú ewé náà pọ̀.

"Bàbá rẹ kọ́ ilé yìí. Nígbà tó kọ́ ọ, ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní, 'Àríkẹ́, ó kéré, ṣùgbọ́n tiwa ni.' Èwo nínú ọ̀rọ̀ yẹn ló le jù fún ọ láti sọ?"

Mo fa ojú ewé mọ́kànlá náà ya. Mo gbé kàlẹ́ńdà kalẹ̀, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé fọ́tò tèmi nìkan jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Mo fi mọ́tò sílẹ̀ fún onímọ́tò, mo fi fìríìjì sílẹ̀ fún onífìríìjì. Ihò ńlá kan kù nínú kàlẹ́ńdà náà láàárín oṣù karùn-ún àti ìkẹfà.

Ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, a wọ takisí lọ sí Nassarawa, èmi, Rahinat àti Evelyn. Nígbà tí a débẹ̀, Alhaji Mùnírù ti jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ará Ìlọfẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn kàn wá wò ó ni. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó jókòó gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀. Àgbàlagbà Haúsá kan tí ó wọ awò ojú ni alága wọn. Mo dìde. Mo kí wọn, mo kí ọ́fíìsì náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí bàbá mi ti wọ ọkọ̀ ojú irin.

Alága gbé fọ́tò tí mo gé náà sókè. "Malam," ó wí pẹ̀lú sùúrù, "gidanka ne, ko ba gidanka ba ne?" Ilé rẹ ni, àbí kì í ṣe ilé rẹ?

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ sá wá sí mi lẹ́nu, mo tì wọ́n padà. Lójijì ni mo rántí Nurat níwájú ògiri, àti omi tí mo ní kí ó lọ bù. Mo ní, "Wannan ba gidana ba ne." Èyí kì í ṣe ilé mi.

"Kí ni o wá ṣe níwájú rẹ̀?"

"Ranka ya daɗe," mo kí i bí Haúsá ti í kí àgbà, "tèmi kò gba àgbàdá mi."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé wọn, ó dé ọ̀dọ̀ alága, ó kọjá sẹ́yìn ọ̀dọ̀ àwọn ará wa. Evelyn dìde, ó to rìsíìtì rẹ̀ sórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Èmi ni mò ń san owó-orí ilé yìí láti ọdún 1974. Ṣùgbọ́n bí Tíṣà bá fẹ́ máa bá mi san án, mi ò bínú o."

Alága mú fọ́tò kejì nínú fáìlì mi, èyí tí ìyá mi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú léèsì. "Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn ni ilé mi."

"Ọdún wo ni ẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"A kò ṣe ọdún kankan. Ayàwòrán ni ó wá."

Ó wo fọ́tò náà pẹ́ títí. Ó ní ilé tí òun náà ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe nígbà tí ayàwòrán wá. Ó wá pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ wá sí àdúgbò wa tẹ̀ lé mi lọ sílé lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni.

A kò rí ìgbà ránṣẹ́ ṣáájú. Nígbà tí a délé, ìyá mi wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ró ìró àtijọ́ mọ́ àyà, ó ń ṣa ẹ̀wà fún Fọláwùmí. Àwọn ayálégbé tò sí ẹnu ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú kórobá. Òṣìṣẹ́ náà fẹ́ wọ yàrá iwájú, atẹ́rígbà gbá a níwájú orí. Ó ní, "Wayyo!" Ìyá mi ní kí ó pẹ̀lẹ́, pé ọkọ òun kò ga. Mo rò pé nínú gbogbo ẹ̀rí tí mo kó jọ, atẹ́rígbà yẹn ni ó ṣiṣẹ́ jù. Ọkùnrin náà ka yàrá mẹ́jọ, ó kọ mẹ́jọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi ìwé tuntun ránṣẹ́: ilé ilẹ̀, amọ̀, páànù. Mo san owó tí ó wà nínú rẹ̀ nínú owó oṣù méjì, ó sì kù.

Ìròyìn náà dé Ìlọfẹ̀ kí lẹ́tà mi tó débẹ̀. Nígbà tí mo lọ sílé ní ọdún Iléyá, àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí bóyá òkè tí mo kọ́ sí Kánò ti wó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ojú mi sì ni ó ṣe. Ní kàlẹ́ńdà ọdún 1983, Alhaji Mùnírù dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láìsí mọ́tò. Èmi dúró ní ẹnu ọ̀nà wa, n kò wọ àgbàdá. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó wọ léèsì, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè bá a sọ ọ́. Ohun tí mo kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni: "Ilé bàbá rẹ̀." Rahinat ni ó kà á kí ó tó lọ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Kò fa igi sí ohun kan.

Ìyá mi kú ní oṣù kejì ọdún 1986. A gbé e gba ẹnu ọ̀nà náà jáde, a sì tẹ orí wa ba kí atẹ́rígbà má baà gbá wa.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ láti kọ orúkọ ara wọn yóò tó ẹgbẹ̀rún kan. Díẹ̀ nínú wọn ṣì ń kọ ọ́ láìfi nǹkan kún un, n kò sì mọ ẹni tí ó kọ́ wọn ní ìyẹn. N kò kọ́ ilé kankan láyé mi. Èyí tí bàbá mi kọ́ ni ó kù díẹ̀ kí n pàdánù, mo sì rí i gbà padà: yàrá mẹ́jọ, gbogbo wọn ní ilẹ̀.